Igi Màrìwò Ẹnu Ọ̀nà Rufus

Ẹni tó bá gba Adégbayì kọjá, tó yà sí àdúgbò tiwa lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, yóò rí ìdì igi kan tí wọ́n fi ti ògiri ilé Rufus. Igi wẹ́wẹ́ ni, kò nípọn ju ẹ̀rú ọkọ́ kékeré lọ, wọ́n sì so màrìwò mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Màrìwò náà ti gbẹ, ó ti pọ́n. Àwọn ayálégbé tuntun kì í pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, "Ṣé bàbá tó ń wọ sùtánà lọ́jọ́ ìsinmi yìí náà ló gbé nǹkan òrìṣà sẹ́nu ọ̀nà?" Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ wá bi mí lójúkojú, torí pé èmi ni wọ́n mọ̀ sí ìyá àgbà ìjọ. Mo ní kó jókòó. Mo ní kì í ṣe nǹkan òrìṣà, pé ìbá tiẹ̀ sàn bó bá jẹ́ òrìṣà. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ yìí.

Ìyá Olúwadọ̀tun ni wọ́n ń pè mí. Èmi ni mò ń rán sùtánà fún ìjọ Kérúbù wa láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀. Abúlé kan náà ni wọ́n ti bí èmi àti Rufus, ní ìsàlẹ̀ Lágelú lọ́hùn-ún, mo sì fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Mo ti pọ̀n ọ́n rí. Bí mo bá ń pè é ní Rufus lásán, tí irun ti funfun lórí rẹ̀ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má fojú burúkú wò mí. Ọmọ mi ni.

Láti kékeré ni omi ti mú Rufus lọ́kàn. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ nínú oko kòkó, òun á wà létí odò, ìwọ̀ lọ́wọ́, ekòló nínú agolo. Ilẹ̀ á ṣú, ìyá rẹ̀ á máa pariwo orúkọ rẹ̀ káàkiri. Obìnrin náà á ní, "Rufus, ṣé ẹja lo máa fi ṣe aya ni?" Nígbà tó dàgbà, ó rí iṣẹ́ sí ilé ìwádìí kan níhà Ajíbọ́dé, wọ́n sì fi sí ìdí ẹja. Àrọ̀ ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Ìgbà tí ebi bá ń pa ẹja, Rufus mọ̀. Ìgbà tí omi bá fẹ́ bàjẹ́, ó mọ̀. Ó fẹ́ Alimat, ọmọ Mùsùlùmí, ọmọlúàbí obìnrin tí kì í fi ìrun kíkí ṣeré. Alimat ń lọ sí mọ́sálásí, Rufus ń wá sí ọ̀dọ̀ wa, Rùqáyyàh ọmọ wọn tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ìkòkò kan náà ni wọ́n ń jẹ, mi ò sì gbọ́ ìjà wọn rí.

Àmọ́ ìjọ ni ibi tí ẹnu pọ̀ sí. Ọdún tí Rufus ti lò nínú ìjọ wa kò kéré. Òun ló ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, òun ló ń gun òrùlé bó bá ń jò, síbẹ̀ bí wọ́n bá ń fi ènìyàn joyè, wọ́n á fò ó. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti gba ọ̀já oyè. Mo máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ bí wọ́n bá wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n á ní, "Ẹni tí kò lè mú ìyàwó ara ẹ̀ wá sínú agbo, agbo wo ló fẹ́ darí?" Màá pòṣé, màá sì gún wọn ní abẹ́rẹ́ díẹ̀ bíi pé n ò mọ̀ ọ́n mọ̀. Rufus náà ń gbọ́. Ó dùn ún dé egungun.

Lọ́dọọdún, ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀, ìjọ wa máa ń lọ pàgọ́ àdúrà sí etí òkun, ní abúlé kan níhà Ìlàjẹ. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé wa dé ibi tí títì parí sí, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé wa dé ibi tó kù. Àwọn ará abúlé ní orúkọ tí wọ́n ń pe ibẹ̀, ṣùgbọ́n Jọ́dánì ni àwa ń pè é. Kò sí iná mànàmáná, kò sí ọjà, kò sí ariwo. Iyanrìn, àgbọn, òkun, Ọlọ́run. Ẹni tí kò bá gbàdúrà ní Jọ́dánì, kò gbọdọ̀ sọ pé àyè ni kò sí.

Rufus fẹ́ràn Jọ́dánì ju gbogbo wa lọ, mi ò sì ní purọ́, kì í ṣe tìtorí àdúrà nìkan. Bí a bá ń sinmi lọ́sàn-án, òun á gbé ìwọ̀ lọ sétí òkun. Ibẹ̀ ló ti di ọ̀rẹ́ Bàbá Akíntáyọ̀, apẹja àgbà tó ni ilẹ̀ tí a ń pàgọ́ sí. Ẹgbẹ́ mi ni Akíntáyọ̀, kò lágbára láti tu ọkọ̀ wọ agbami mọ́. Òun ló kọ́ Rufus ní òfin etí òkun náà. Ẹ má gé àgbọn. Ojú kan ni kí ẹ máa dáná sí. Ẹnu ọ̀sà, níbi tí omi odò ti ń pàdé omi iyọ̀, ẹ má ju ìwọ̀ síbẹ̀, ibẹ̀ ni ẹja ń tọ́ ọmọ sí. Ẹja tí kò bá gùn tó ọwọ́, ẹ dá a padà sómi. Ẹ má fi okùn ìwọ̀ tó já sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbé wá, ẹ gbé e lọ sílé.

Rufus gba òfin yìí bí ẹni gba ìwé mímọ́. Bí a bá ti dé, òun ló ń fi ibi tí a ó gbẹ́ ṣálángá sí hàn wá, lókèèrè sí omi. Bí a bá ń múra àtilọ, á gbé àpò ìrẹsì tó ṣófo kọ́ èjìká, á máa ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà káàkiri, á máa bú ẹni tó jù ú sílẹ̀. Á ní, "Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe ní pálọ̀ yín nìyẹn?" Wolé-wolé Jọ́dánì ni àwọn akọrin sọ ọ́. Àpò pàǹtírí yẹn, kò ní jù ú sí ẹ̀bá títì o. Á gbé e dé Adégbayì, á dà á sílẹ̀ fún Alimat, Alimat á sì ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ fi ọ̀rọ̀ àpò yẹn sọ́kàn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ papọ̀. Lídà wa, Lídà Oyèbánjí, kéde pé Rufus yóò gba ọ̀já Aṣáájú ní Jọ́dánì. Èmi ni mo rán ọ̀já náà, elésè àlùkò, mo sì fi òwú wúrà ká a létí. Nígbà tí Rufus wá wọ̀n ọ́n, ó dì í mọ́ ìdí, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí mi, ó sì ní, "Màmá, ẹ wò ó, èmi náà ti dẹ́ni." Ojú mi kún fún omi. Ìkejì ni pé Lídà rí ìran pé ọdún ìmọ́lẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan gbé àbẹ́là wá, kí a rì wọ́n sínú iyanrìn lẹ́bàá omi, kí a dúró láàárín ìmọ́lẹ̀ náà gbàdúrà. Mi ò bú ìran. Mo gbà á gbọ́ títí di òní.

Rufus ló máa ń ṣáájú wa lọ bá Bàbá Akíntáyọ̀ ṣètò. Lọ́jọ́ tó débẹ̀ lọ́dún yẹn, ó bá igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n rì mọ́ iyanrìn, màrìwò tútù lórí wọn, gan-an níbi tí a ti máa ń dúró gbàdúrà.

Akíntáyọ̀ ní, "Rufus, ẹ ò ní lè dúró sójú ibi yìí lọ́dún yìí o. Àwọn ìjàpá òkun ti yé ẹyin síbẹ̀, mo sì ti fi màrìwò sàmì sí i. Ó ti tó àsìkò tí ẹyin náà máa pa. Bó bá pa, àwọn ọmọ á jáde lálẹ́, ibi tó bá mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń forí lé, torí pé òkun ló máa ń mọ́lẹ̀ jù lójú wọn lóru. Ẹ pàgọ́ yín sẹ́yìn àgbọn lọ́hùn-ún. Ẹ má tan nǹkankan síhìn-ín. Àbẹ́là pàápàá, ẹ má tàn án."

Rufus ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá. Màá sọ fún wọn."

Ó sì yẹ kí n sọ ohun tí iyanrìn yẹn jẹ́ fún Akíntáyọ̀. Nígbà kan, gbogbo abúlé ló ń wú ẹyin ìjàpá jẹ, títí tí àwọn ìjàpá fi fẹ́ má wá mọ́. Nígbà náà ni àwọn ará abúlé pàdé, tí wọ́n fòfin dè é, wọ́n sì fi iyanrìn náà lé Akíntáyọ̀ lọ́wọ́ pé kó máa ṣọ́ ọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọkọ̀ rẹ̀ ti ń gbó. Iyanrìn yẹn ló kù tó ń jẹ́ kí wọ́n pè é bí ìpàdé bá wà. Ó máa ń sọ fún Rufus pé, "Èmi ni mo ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn," á sì máa rẹ́rìn-ín. Rufus mọ gbogbo èyí. Kò sí èyí tí kò mọ̀ nínú rẹ̀.

Àmọ́ Rufus kò sọ fún wa.

Ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, nígbà tí sísọ kò wúlò mọ́. Ó ní bí òun ṣe ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ni òun ń gbọ́ ohùn àwọn ará ìjọ létí òun: Rufus tí ìyàwó ẹ̀ ń kírun ló tún gbé ọ̀rọ̀ màrìwò dé. Ó ní wọn ò ní gbọ́ ìjàpá, òrìṣà ni wọ́n á gbọ́. Wọ́n á ní ìran Lídà kò gbọdọ̀ wólẹ̀ nítorí ẹranko, wọ́n á wá ibòmíì lọ, ọ̀já á sì di ọdún tó ń bọ̀, bó ṣe máa ń dà. Ó tún wá sọ fún ara rẹ̀ pé ẹyin tí kò tíì pa láti ọjọ́ yìí, ṣé ọjọ́ tiwa gan-an ni yóò pa? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tí kò dáa kì í wá àwáwí tì.

Lọ́jọ́ tí ìjọ gbéra, Rufus bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ pẹ̀lú tàpólì àti ìkòkò. Kí ọkọ̀ tiwa tó gúnlẹ̀, ó ti fa gbogbo igi màrìwò yẹn tu, ó ti kó wọn sínú àpò ìrẹsì rẹ̀, ó ti fi ọ̀rá bò wọ́n lórí. A dé, a bá iyanrìn tó mọ́ tónítóní. A yìn ín. Mo gbọ́ tí Lídà ń sọ pé, "Rufus, o ṣeun, ibí yìí mọ́ bí ojú àwo."

Alẹ́ ọjọ́ náà dùn. Mi ò lè sọ pé kò dùn. A rì àbẹ́là, a kọrin, a fò, a pàtẹ́wọ́, a fi ẹsẹ̀ lásán jó lórí iyanrìn. Rufus kúnlẹ̀ sáàárín ìmọ́lẹ̀, Lídà di ọ̀já náà mọ́ ọn nídìí. Nígbà tó rẹ̀ wá, a fi àbẹ́là sílẹ̀ kí wọ́n máa jó, a lọ sùn.

Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ jáde láti lọ bọ́jú. Mo rí ipa ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ lórí iyanrìn, mo rò pé ti akàn ni. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo ipa náà dorí kọ, kì í sì í ṣe ọ̀nà òkun. Ọ̀dọ̀ àbẹ́là wa ni. Mo tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ìjàpá náà dúdú, wọn ò ju àtàǹpàkò méjì lọ. Àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ ìda tó yọ́, ó ti dì mọ́ wọn lára. Àwọn kan wà nínú ojú ẹsẹ̀ wa, níbi tí a ti fò tí a ti jó. Àwọn kannakánná ti ń ṣa èyí tó kù. Moyọ̀sọ́rẹ, tó ń darí orin, ká ẹní rẹ̀, ó bá méjì lábẹ́ ẹní tí wọ́n ṣì ń mí, ó figbe ta. Gbogbo àgọ́ jí. A ń sáré káàkiri nínú sùtánà, à ń ṣà wọ́n sínú abọ́, à ń gbé wọn dà sómi. Àwọn tó yè kò pọ̀. Mo wo ẹsẹ̀ ara mi, mo fi omi òkun fọ̀ ọ́, mo tún fọ̀ ọ́.

Bàbá Akíntáyọ̀ dé láti abúlé, níbi tó ti sùn pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé Rufus ti jíṣẹ́ fún wa. Ó dúró. Ó kọ́kọ́ wá igi rẹ̀ kiri, kò rí i. Ihò tí wọ́n ti fa igi tu ló rí.

Lídà wa lọ pàdé rẹ̀, ìtìjú hàn lójú wọn. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a ò mọ̀ o. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa."

Akíntáyọ̀ ṣì ń wo ihò náà. Ó gbójú sókè, ó wo Rufus, ó wo ọ̀já elésè àlùkò tó wà nídìí rẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rufus. Ẹnu rẹ̀ là, ó pa dé, ó tún là, bí ẹja tí wọ́n jù sórí iyanrìn. Ó wolẹ̀.

Akíntáyọ̀ wá yíjú sí Lídà. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni. Mo gbàgbé láti sọ. Ogbó ti dé."

Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ti péjọ nígbà yẹn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́wùnmí ni olórí wọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbàgbé? Ẹ̀yin?" Akíntáyọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà wo ìda àti ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ ti gbìyànjú, Bàbá. Ẹ lọ máa sinmi. A ó fi iyanrìn yìí lé ẹlòmíì lọ́wọ́." Bí wọ́n ṣe gba iyanrìn lọ́wọ́ Akíntáyọ̀ nìyẹn, lójú wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bàbá náà ní wọ́n ṣeun. Ó lọ jókòó sí ẹ̀bá ọkọ̀ rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ títí a fi kó ẹrù wa.

Rufus ṣa pàǹtírí bó ṣe máa ń ṣe é. Ó tún rin àgọ́ yíká lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò fi ọ̀rá kan sílẹ̀.

Nígbà tó délé, ó bọ́ sínú yàrá lọ dùbúlẹ̀. Alimat gbé àpò náà jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó dà á sílẹ̀ láti ṣa ọ̀rá lọ́tọ̀. Igi jáde, màrìwò jáde. Alimat kó wọn wọ yàrá.

Ó ní, "Bàbá Rùqáyyàh, kí lèyí?"

"Pàǹtírí ni."

"Ta ló gé màrìwò tútù, tó fara balẹ̀ so ó báyìí, tó wá jù ú sílẹ̀? Ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Rufus sọ ọ́. Alimat jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbọ́ ọ tán, títí kan ohun tí àwọn ará ìjọ ń sọ nípa rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bínú. Ó ní, "Ẹ má fi mí ṣe àwáwí o. Ọlọ́run ń gbọ́. Mi ò sọ pé kí ẹ dójú ti bàbá arúgbó nítorí ìrun tí mò ń kí." Ó dìde, ó kó igi náà jáde, ó fi wọ́n ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí Rufus yóò ti máa rí wọn bó bá ń wọlé àti bó bá ń jáde. Ó ní, "Wọn ò ní kúrò níbí títí ẹ ó fi dá wọn padà fún ẹni tó ni wọ́n."

Láti ọjọ́ yẹn ni Rufus ti bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bí a bá kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Aṣáájú, ẹ kú ìjókòó," á máa yíjú kúrò. Ó ní bí òun bá dúró létí omi ìkùdu níbi iṣẹ́, tí àwọn àrọ̀ bá la ẹnu sókè fún oúnjẹ, àyà òun á já. Ó wá bá mi níjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín àwọn àgékù aṣọ, ó ka gbogbo rẹ̀ fún mi. Mi ò pẹ̀tù sí i nínú. Mo bú u dáadáa. Mo ní, "Rufus, àwa tí a tẹ̀ wọ́n pa, a ò mọ̀. Ìwọ mọ̀, o sì ń bá wa jó." Ó sunkún bí ọmọdé. Inú mi bàjẹ́ sí i, síbẹ̀ mi ò ní kó dákẹ́.

Mo rán an sí Lídà. Lídà gbọ́, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ti dárí jì ọ́. Ìjàpá ni, kì í ṣe ènìyàn. Bàbá yẹn fúnra rẹ̀ ti ní òun gbàgbé, bí o bá wá tú u síta báyìí, ìjọ lo bà lórúkọ jẹ́." Mo bọ̀wọ̀ fún Lídà wa, wọ́n ti fi àdúrà gbà mí nínú àìsàn rí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kò dùn mọ́ mi, mo sì sọ fún wọn. Rufus dìde níbẹ̀, ó ní òun ń lọ. Mo ní èmi náà ń bá a lọ, torí mo mọ ọmọ mi, ó lè dé àárín ọ̀nà kó yí padà.

Ìrìn àjò náà ì bá pa mí lẹ́rìn-ín bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Arúgbó obìnrin àti ọkùnrin tó rẹ̀wẹ̀sì, ìdì igi màrìwò láàárín wọn nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn èrò ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Awakọ̀ bi wá bóyá ohun tí a gbé yẹn kò ní da ọkọ̀ rẹ̀ láàmú. Mo ní kó máa wo títì.

A bá Ọmọ́wùnmí àti àwọn àgbà abúlé lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Bàbá Akíntáyọ̀ kò sí níbẹ̀. Wọn kì í pè é mọ́. Rufus dọ̀bálẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀: pé bàbá náà sọ fún òun, pé òun kò sọ fún ìjọ, pé òun lòun fa igi tu, pé nítorí ọ̀já ni. Kò bo ìkankan. Orí mi wú, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, pé wọ́n á ránṣẹ́ pe Akíntáyọ̀, wọ́n á dá iyanrìn rẹ̀ padà fún un.

Ọmọ́wùnmí wo àwọn àgbà, àwọn àgbà wolẹ̀. Ó sọ fún Rufus pé, "Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbàgbé, a lè rán an létí lọ́jọ́ mìíràn. Ó ti ṣe díẹ̀ tí a ti ń rò ó pé kí a tún pe Bàbá Akíntáyọ̀ padà. Ẹni tó mọ̀, tó sì purọ́ fún gbogbo wa nítorí àlejò, báwo la ṣe fẹ́ tún fi iyanrìn lé e lọ́wọ́?"

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí ohùn mi fi há. Àwọn àgbà ní àwọn gbọ́, àmọ́ wọn ò yí i padà. Ẹrù tí a lọ gbé kúrò lórí Akíntáyọ̀, a tún fi òmíràn lé e.

A bá a lẹ́bàá ọkọ̀ rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Rufus na gbalaja sórí iyanrìn níwájú rẹ̀, igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ ohun tó sọ fún wọn, ó sọ èsì tí wọ́n fún un. Akíntáyọ̀ gbọ́ ọ láìdá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Dìde, Rufus."

Rufus kò dìde.

Akíntáyọ̀ ní, "Mo rò pé bí mo bá bò ọ́ láṣìírí, ojú á tì ọ́, wàá sì sọ ọ́ kí ẹ tó lọ. Ìdí tí mo fi jókòó síbí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Mò ń retí rẹ ni. Mò ń wò ọ́ tí ò ń ṣa ọ̀rá, mo ní, ó máa tó wá. Mo wo ọkọ̀ yín títí tó fi wọ ọ̀sà lọ."

Mi ò gbọ́ irú ẹkún tí Rufus sun lọ́jọ́ yẹn rí, mi ò sì fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ti igi náà síwájú bàbá náà. Ó ní, "Ẹ gba igi yín, Bàbá."

"Kí n fi ṣe kí ni? Mi ò ní iyanrìn tí màá rì í mọ́." Akíntáyọ̀ já okùn lára àwọ̀n, ó ká a, ó fi sápò. "Ìwọ náà lo máa ń wí fún àwọn èèyàn rẹ pé ohun tí èèyàn bá kó jọ létí òkun, kó gbé e lọ sílé. Gbé e lọ sílé."

Ohun tí a ṣe nìyẹn. A gbé e padà, bọ́ọ̀sì dé bọ́ọ̀sì, títí dé Adégbayì. Kí Rufus tó wọlé, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó mú ọ̀já náà jáde nínú àpò rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ mi. Ó wà nínú àpótí òwú mi di òní. Ìjọ wa kò lọ sí Jọ́dánì mọ́, àwọn ará abúlé náà kò gbà wá mọ́. Etí odò kan ní Ọ̀nà-Àrá ni a ti ń ṣe é báyìí. Bí a bá ń pín àbẹ́là, Rufus á gba tirẹ̀ pẹ̀lú ìtẹríba, á sì gbé e fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Alimat ní kò tíì fà á yọ.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, tí àsìkò ẹyin bá ti tó, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi yẹn, á tẹ Bàbá Akíntáyọ̀ láago. Ó máa ń ṣí ohùn fóònù náà síta kí èmi náà lè kí bàbá náà. Nígbà tó pè é lọ́dún yìí, mo wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n kíra tán, Rufus ní, "Bàbá, ṣé wọ́n ti dá iyanrìn yín padà fún yín?"

"Wọn ò tíì dá a padà." Mò ń gbọ́ òkun lẹ́yìn ohùn bàbá náà. Ó wá ní, "Rufus, ṣé igi yẹn ṣì wà?"

"Ó wà, Bàbá."

"Ó dáa," ni Akíntáyọ̀ wí. "Má jù ú nù o."